Kí Ló Yẹ Kó Wà Nínú Àlàfo Yẹn?

Gbogbo àwa tí a ṣe sáyẹ́ǹsì ní sẹ́kọ́ńdìrì la mọ àwòrán yẹn. Ó wà lára ògiri láàbù kẹ́mísìrì, etí rẹ̀ ti ká, eruku ti bò ó, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Àpótí kéékèèké, lẹ́tà kan tàbí méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́mbà lókè. Tíṣà ní ká há 20 àkọ́kọ́ sórí nítorí WAEC, a sì há a: Hydrogen, Helium, Lithium, Beryllium, Boron, bí ẹni ń kọrin. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò ronú kan ìdí tí wọ́n fi tò ó bẹ́ẹ̀. A ṣáà mọ̀ pé àwòrán àwọn ọlọ́gbọ́n ni.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé àwòrán náà jọ ọgbọ́n, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun jọ ọgbọ́n ló ń yá a lò. Lónìí, Periodic Table ti fọ́ńtì wà, ti ọtí wà, ti oúnjẹ wà. Ní 2007, Ralph Lengler àti Martin Eppler to 100 ọ̀nà tí èèyàn lè gbà fi àwòrán ṣàlàyé ọ̀rọ̀ sínú irú rẹ̀. Fún àwa tí à ń kọ kóòdù jẹun, èyí tó gbajúmọ̀ jù ni Periodic Table of DevOps Tools, tí ilé-iṣẹ́ XebiaLabs gbé jáde. Docker, Jenkins, Git àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, kálukú nínú àpótí tirẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta lórí, bí ẹni pé inú ilẹ̀ ni wọ́n ti wà wọ́n jáde.

A ò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: irọ́ ni àtẹ yẹn ń pa, irọ́ náà sì ń ná àwọn ọ̀dọ́ wa lówó àti àkókò. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Ẹni tó ni àtẹ

Ká kọ́kọ́ fún ẹni tó ni ín ní ọ̀wọ̀ rẹ̀. Ní 1869, ẹ́límẹ́ǹtì 63 ni àwọn onímọ̀ mọ̀. Dmitri Mendeleev, ará Rọ́ṣíà, tò wọ́n bí ìwọ̀n átọ́ọ̀mù wọn ṣe ń pọ̀ sí i, ó sì rí i pé ìwà wọn ń padà wá. Bí o bá rìn dé ibì kan, wàá tún bá èyí tó ń ṣe bíi ti àkọ́kọ́ pàdé. Lithium, Sodium, Potassium: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló rọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń bá omi jà. Ìpadàbọ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní "periodic". Kì í ṣe àpótí, kì í ṣe àwọ̀.

Àmọ́ ohun tó sọ ọkùnrin yìí di ọ̀gá ni àlàfo. Níbi tí kò ti sí ẹ́límẹ́ǹtì tí ìwà rẹ̀ bá ìdílé mu, kò fi tipátipá ti òmíràn síbẹ̀. Ó fi àyè sílẹ̀, ó ní ẹni tó ni àga yẹn ṣì ń bọ̀. Ní 1871, ó tiẹ̀ júwe ẹni náà. Ó ní èyí tó máa jókòó sábẹ́ Aluminium, ìwọ̀n átọ́ọ̀mù rẹ̀ máa tó 68, yóò sì wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 5.9. Ní 1875, Paul-Émile Lecoq de Boisbaudran rí Gallium ní Faransé. Ó wọ̀n ọ́n, ó ní ìlọ́po 4.7 ni. Mendeleev kọ̀wé pé kí ó tún un wọ̀n. Wọ́n tún un wọ̀n: 5.9.

Ẹ gbọ́ ná. Ẹni tí kò fojú kan nǹkan rí ló ń sọ fún ẹni tó dì í mú lọ́wọ́ pé kò wọ̀n ọ́n dáadáa, òun náà ló sì jàre. Ní 1879 Scandium dé. Ní 1886 Germanium dé, èyí tí Mendeleev ti sọ pé ìwọ̀n rẹ̀ máa jẹ́ 72. Ó jẹ́ 72.6.

Ó tún fi Iodine sẹ́yìn Tellurium, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Tellurium ló wúwo jù, nítorí pé ìwà Iodine bá ti Chlorine àti Bromine mu. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí nígbà náà. Ní 1913, Henry Moseley fi hàn pé nọ́mbà átọ́ọ̀mù ló ń tò wọ́n, kì í ṣe ìwọ̀n. Tellurium jẹ́ 52, Iodine jẹ́ 53. Àtẹ náà ti tọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó mú un tọ̀nà.

Àtẹ tó lè ṣe báyìí kì í ṣe pátákó ìpolówó. Ẹ̀rọ ni. Ó ń dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi í.

Àwọn tó yá aṣọ rẹ̀ wọ̀

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bi àtẹ irinṣẹ́ náà ní ìbéèrè mẹ́ta péré.

Àkọ́kọ́: tí a bá rìn láti òsì sí ọ̀tún, kí ló ń pọ̀ sí i? Èkejì: tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ìlà kan, kí ló ń yí padà? Ẹ̀kẹta: tí a bá bo àpótí kan mọ́lẹ̀, ṣé ẹ lè fi àwọn tó yí i ká sọ ohun tó wà nínú rẹ̀?

A ò ní ṣe àbòsí. Ìlà tó dúró nínú àtẹ DevOps ní ìtumọ̀ díẹ̀. Wọ́n kó àwọn tó ń tọ́jú kóòdù síbì kan, wọ́n kó àwọn tó ń dán kóòdù wò síbì kejì, bí àwọn alátà tòmátò ṣe máa ń jókòó pa pọ̀ lọ́jà, tí àwọn ẹlẹ́ran náà sì ní ibi tiwọn. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n ọjà ni wọ́n ń pe ìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa wo ìsọ̀ tòmátò, kó wá fi mọ iye tí ẹran wúwo. Ní ti pé kí àpótí kan sọ ohun tó wà nínú èkejì, òfo ni. Bí wọ́n bá yọ Jenkins kúrò nínú àpótí rẹ̀, kò sí ìṣirò kankan lágbàáyé tó máa mú un padà wá.

Ẹ tún wò ó: fún ẹ̀dà tó jáde lẹ́yìn, wọ́n tiẹ̀ gba ìbò láti mọ irinṣẹ́ tó máa wọlé. Ta ló dìbò kí Oxygen tó wọlé? Ilé-iṣẹ́ tó ya àtẹ náà ń ta irinṣẹ́ nígbà náà, àwọn ọjà tiwọn, XL Deploy àti XL Release, sì ní àpótí tiwọn níbẹ̀. A ò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Oníṣòwò tó bá pàtẹ, ó gbọ́dọ̀ gbé tiẹ̀ sójú. Ohun tí a kọ̀ ni kí oníṣòwò wọ aṣọ sáyẹ́ǹsì wá sọ́jà.

Nítorí pé ẹ́límẹ́ǹtì kì í kógbá sílé. Góòlù tó wà nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, pírótọ́ọ̀nù 79 ló ní kí a tó bí Odùduwà, 79 náà ló máa ní nígbà tí kò bá sẹ́ni tó rántí wa mọ́. Irinṣẹ́ sọ́fítíwíà ńkọ́? Parse, tí Facebook rà, kógbá sílé ní January 2017. HipChat kú ní 2019. Atom, tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi kọ kóòdù àkọ́kọ́, GitHub pa á tì ní December 2022. Docker fúnra rẹ̀, 2013 ló jáde. Àwọn kan nínú wa ti ń fi kóòdù gba owó kí wọ́n tó bí i. Nǹkan tí ìpàdé bọ́ọ̀dù kan lè pa lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kì í ṣe ẹ́límẹ́ǹtì.

Ẹni tí ìyà rẹ̀ ń jẹ

Ẹnìkan lè ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, àwòrán lásán ni." Ká ní àwòrán lásán ni, a ò ní jókòó kọ èyí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi àtẹ yẹn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ó ti fi bírò pupa fa ìlà yí àpótí 9 ká. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti mọ àwọn wọ̀nyí. Mélòó ló kù kí n tó lè máa wá iṣẹ́?" A bi í pé, nínú 9 yẹn, èwo ló ti lò ṣe nǹkan tí ẹlòmíì lò? Kò sí. Ó ti wo fídíò, ó ti gba ìwé-ẹ̀rí, ó ti ra dátà tán. Ó ń há àpótí sórí bí a ṣe há 20 àkọ́kọ́ sórí fún WAEC.

Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àtẹ náà ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Periodic Table ní iye kan: 118 ni lónìí. Àwòrán tó bá jọ ọ́ ń sọ fún ojú pé nǹkan yìí náà ní iye, ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, àti pé ẹni tí kò bá mọ gbogbo rẹ̀, ó kù síbì kan. Àwọn tó ń ta ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ èyí dáadáa. Wọ́n á gbé àtẹ sójú ìwé, wọ́n á pín in sí ìpele mẹ́ta, wọ́n á lé owó lé ìpele kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí kò tíì rí iṣẹ́ ló máa san án, nígbà míì láti inú owó tí ìyá rẹ̀ fi ń ṣòwò.

Òtítọ́ tí àtẹ ò sọ fún un rèé: Jenkins, GitLab CI àti GitHub Actions, àpótí mẹ́ta ni lójú, iṣẹ́ kan ni. Tí kóòdù bá dé, dán an wò. Tó bá yege, gbé e lọ síbi tí aráyé ti máa lò ó. Ẹni tó bá lóye iṣẹ́ yẹn yékéyéké lórí ọ̀kan, kò ní pẹ́ mọ ìyókù. Ẹni tó há orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí láìmọ iṣẹ́ náà, ó mọ orúkọ mẹ́ta ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oyún inú, a kì í bí i mọ́ ti ẹ̀yìn: orúkọ tí o há sórí kò lè dípò iṣẹ́ tí o ò tíì ṣe.

Àwa náà gbìyànjú rẹ̀

Kí ẹ má baà rò pé a kàn ń bú èèyàn ni, àwa náà jẹ̀bi. A pinnu láti ya Periodic Table ti irinṣẹ́ ilé àti oko Yorùbá fún àwọn ọmọ tí wọ́n ń dàgbà sílùú ńlá, tí wọn ò mọ ìyàtọ̀ ọlọ àti odó. Èrò rere ni. A ṣí láptọ́ọ̀pù, a ya àpótí, a bẹ̀rẹ̀ sí í kún un.

Lẹ́tà ló kọ́kọ́ já wa kulẹ̀. A kọ Ọk fún ọkọ́ tí à ń fi ro oko. Ẹnìkan ní, ọ̀kọ̀ tí ológun ń jù ńkọ́? Ọk náà ni. Ọkọ̀ tí à ń wọ̀? Ọk. Ká má tíì dé ọ̀dọ̀ ọkọ ìyàwó. Ọbẹ àti ọbẹ̀ tún ń bọ̀ lẹ́yìn. Èdè tó jẹ́ pé ohùn ló fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, a fẹ́ gé e sí lẹ́tà méjì kó lè jọ ti Rọ́ṣíà.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn irinṣẹ́ fúnra wọn kọ̀. Odó àti ọmọ odó, ṣé àpótí kan ni àbí méjì? Èwo nínú wọn ló lè dá ṣiṣẹ́? Ìgbálẹ̀ àti ìjábẹ̀, ara ọ̀pẹ ni àwọn méjèèjì ti wá; ọ̀kan ń gbálẹ̀, èkejì ń sọ ewédú di ọbẹ̀. Àdá ń ṣán igbó láàárọ̀, ó ń la àgbọn lọ́sàn-án, bí ejò bá sì yọjú, ó ti di ohun ìjà. Góòlù kì í yí ìwà padà nítorí ọwọ́ tó dì í mú. Irinṣẹ́ ni ọwọ́ máa ń yí ìwà rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ náà gan-an sọ bẹ́ẹ̀: irin iṣẹ́ ni irinṣẹ́. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi ni odó, tí ọlọ sì jẹ́ òkúta, iṣẹ́ ló sọ wọ́n di irinṣẹ́.

A kì í ṣe ọ̀tá àtẹ

Ẹ má ṣì wá gbọ́. A fẹ́ràn àtẹ. Kọ̀ǹpútà la kà ní yunifásítì. Àtẹ ni oúnjẹ wa. Ohun tí à ń bèèrè ni òfin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì pọn dandan ká lọ sí Rọ́ṣíà ká tó rí i.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ wo àpótí sípánà rẹ̀. 8, 10, 12, 13, 14, 17, 19, kálukú nínú ihò tirẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ bá gbàgbé ọ̀kan sábẹ́ ọkọ̀, ihò tó ṣófo láàárín 12 àti 14 ti sọ pé 13 ni, kò sì sídìí láti pariwo. Ọ̀gá mọ̀ pé ọkọ̀ Jámánì máa nílò 13 yẹn, pé 12 àti 14 ni ti Jápáànù sábà máa ń lò. Àlàfo tó ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mendeleev ìbá jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọ̀gá mẹkáníìkì, kí inú rẹ̀ sì dùn.

Tàbí ká lọ sọ́dọ̀ babaláwo. Odù kọ̀ọ̀kan ní apá ọ̀tún àti òsì. Apá kọ̀ọ̀kan ní ojú mẹ́rin, ojú kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlà ẹyọ kan tàbí méjì. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan, Ogbè ni. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ méjì, Ọ̀yẹ̀kú ni. Òfin yẹn nìkan ló bí àmì 16 fún apá kan. Tí a bá so ọ̀tún pọ̀ mọ́ òsì, ó di 256: 16 tí ó jẹ́ méjì, 240 tí ó jẹ́ àmúlù. Ẹ pa àmì kan rẹ́ nínú àtẹ náà, ẹni tó mọ òfin á tẹ̀ ẹ́ padà láìbi ẹnikẹ́ni. Iye tí báìtì kan nínú kọ̀ǹpútà lè gbà náà nìyẹn, 256, nítorí òfin kan náà: ọ̀kan tàbí èkejì, nígbà 8. Àwọn baba wa ò tẹ ìlà yẹn nítorí kó lè lẹ́wà lára ògiri.

Ẹni tó ní irú ogún báyìí nílé, kí ló ń fi àpótí òfìfo yangàn fún?

Ẹ̀yin tó ń ní "ṣùgbọ́n"

A mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní ó ń jẹ́ kó rọrùn láti rántí. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kí lẹ máa rántí? Ibi tí Docker wà? Ibi tí nǹkan wà nínú àtẹ Mendeleev jẹ́ ara ìwà rẹ̀. Ibi tí Docker wà jẹ́ ìfẹ́ inú ẹni tó ya àwòrán. Ẹ̀ ń lo agbára ìrántí yín láti rántí ohun tí kò túmọ̀ sí nǹkan kan.

Wọ́n á ní eré ni. Bí eré bá ni, ẹ kọ "eré" sí i lórí. A ò bá fọ́ńtì àti ọtí jà. Èyí tí wọ́n lò láti pinnu ẹni tó máa ríṣẹ́, ìyẹn kì í ṣe eré mọ́.

Wọ́n á ní kí la wá fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ṣe. Ìdáhùn wa kúrú. Ẹ to iṣẹ́, ẹ má to irinṣẹ́. Ẹ mú ìwé, ẹ kọ ọ̀nà tí kóòdù yín ń gbà láti orí láptọ́ọ̀pù dé orí fóònù ẹni tó ń lò ó. Ní ìkòríta kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìṣòro tó wà níbẹ̀. Ẹ wá irinṣẹ́ kan, ọ̀kan péré, tó lè yanjú rẹ̀, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ dáa jù. Ẹ fi ṣe nǹkan tí ìyá yín tàbí alájọgbé yín lè lò. Ìwé yẹn kò ní lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò níbi iṣẹ́ máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹ ti rin ọ̀nà náà.

Àtẹ àwọn ọmọ ńkọ́? A ò sọ ọ́ nù. A pa àpótí àwòkọ rẹ́, a fa ìlà tuntun. Lápá òsì, a kọ ohun tí à ń ṣe: gígún, lílọ̀, sísẹ́, gígé. Lókè, a kọ ohun tí a fi ṣe irinṣẹ́: igi, òkúta, amọ̀, irin. Odó bọ́ sí gígún àti igi. Ọlọ bọ́ sí lílọ̀ àti òkúta. Ajere bọ́ sí sísẹ́ àti amọ̀. Ọbẹ bọ́ sí gígé àti irin. Àwọn kan ṣófo, a sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan wò ó, ó fi ìka kan ibi tí gígé àti amọ̀ ti pàdé. Ó ní, "Kí ló dé tí kò sí nǹkan níbí?" A ní kó ronú sí i. Ó ní nítorí pé amọ̀ máa fọ́. Ó tún fi ìka kan lílọ̀ àti irin, a ò sì tíì la ẹnu nígbà tó pariwo pé, "Ẹ̀rọ ata!"